Ọlọ́run, Ìjọ àti Kristẹni tí Ó Jẹ́ Gay: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìsinmi nínú ìjọ Áńgílíkà kan ní Ìbàdàn, kí n tó kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kan, ẹ̀kọ́ kan Sódómù. Mo pariwo, mo fọwọ́ lu tábìlì, mo sín àwọn ọkùnrin kan jẹ, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tí ó máa ń tẹ dùùrù fún wa kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi èékánná ha etí ìwé orin rẹ̀, ó ń ha á títí tí páálí fi yọ lábẹ́ aṣọ dúdú tí wọ́n fi dì í. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ̀ dé láti ìlú mìíràn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sì wà nínú rẹ̀: "Tísà, ṣé Ọlọ́run fẹ́ràn mi lọ́jọ́ yẹn?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kó àwọn ìbéèrè tí ó jọ tirẹ̀ jọ, ti àwọn ọ̀dọ́, ti àwọn òbí, àti ti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àwọn ni wọ́n béèrè. Bí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo dáhùn wọn síhìn-ín.

Orúkọ wo ni kí a máa pe àwọn ènìyàn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí?

Èébú pọ̀ nínú èdè wa fún wọn, n kò sì ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Àwọn oníròyìn sábà máa ń sọ pé "ìbálòpọ̀ akọ sí akọ àti abo sí abo", ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ibùsùn nìkan ni gbólóhùn yẹn mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí lè ti mọ̀ láti ọmọ ọdún méjìlá pé ọkàn òun kì í fà sí obìnrin. Nítorí náà ni n ó ṣe máa sọ pé "ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí irú tirẹ̀", ìyẹn ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó ń fẹ́ obìnrin. Níbòmíràn n ó lo "gay", nítorí pé òun ni àwọn fúnra wọn ń lò ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìfàsí ọkàn àti ìwà sọ́kàn, nítorí pé àwọn ìjọ tí ó le jù pàápàá ka ìyàtọ̀ náà sí.

Ṣé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tí ó jẹ́ gay?

Bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wù mí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti gbọ́ láti kékeré ni "Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n", tí "ṣùgbọ́n" náà yóò sì gba wákàtí kan. Jòhánù 3:16 pe orúkọ aráyé, kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú aráyé. Róòmù 5:8 sọ pé nígbà tí a ṣì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Kristi kú fún wa, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó gbà gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò tíì rí ẹsẹ̀ Bíbélì tí yóò fi sọ pé Ọlọ́run kórìíra ẹni náà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń ka àwọn ohun tí kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run ní òpin Róòmù orí 8, ó ka ikú, ó ka ìyè, ó ka àwọn áńgẹ́lì àti àwọn alágbára, ó ka ohun ìsinsìnyí àti ohun tí ń bọ̀, ó wá fi "ẹ̀dá mìíràn gbogbo" dí àyè tí ó kù, bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnìkan yóò wá a kiri láti fi nǹkan bọ̀ ọ́. Ìwé Róòmù yìí wà lára àwọn tí Ajayi Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá, ní 1850. Ìròyìn ìfẹ́ yẹn wà lára ohun tí a kọ́kọ́ kà ní èdè ara wa.

Ṣé ènìyàn lè jẹ́ gay kí ó sì jẹ́ Kristẹni tòótọ́?

Wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ń gba igbá ọrẹ, wọ́n ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ Sátidé, àwọn mìíràn sì wà nínú aṣọ àlùfáà. Ìgbàgbọ́ àti ìrìbọmi ni ó ń sọni di Kristẹni. Kò sí ìjọ kan tí ó ń bi ọmọ ọwọ́ nípa ẹni tí yóò wù ú fẹ́ kí wọ́n tó da omi sí i lórí.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù gan-an?

Ìtàn náà wà ní Jẹ́nẹ́sísì 19, ó sì yẹ kí a kà á kí a tó fi na ẹnikẹ́ni. Àlejò méjì wọ ìlú, Lọ́ọ̀tì gbà wọ́n sílé, àwọn ọkùnrin ìlú, tọmọdé tàgbà, sì yí ilé náà ká pé kí ó mú wọn jáde kí àwọn lè bá wọn lò pọ̀ ní tipátipá. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí àlejò jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ bí ìwà ìkà náà ti tó. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Gíbíà, nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 19, ṣùgbọ́n obìnrin ni wọ́n fipá bá lò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ó sì kú sí ẹnu ọ̀nà. N kò tíì gbọ́ oníwàásù tí ó fi ìtàn Gíbíà dá gbogbo ọkùnrin tí ó ń fẹ́ obìnrin lẹ́bi.

Nígbà tí Ìsíkíẹ́lì 16:49 ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù, ìgbéraga, àjẹyó àti ìdẹ̀ra ni ó dárúkọ, ó sì ní kò ran tálákà àti aláìní lọ́wọ́. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e fi ohun ìríra kún un, ìwé Júúdà náà sì dárúkọ àgbèrè wọn, nítorí náà n kò ní parọ́ fún yín pé ọ̀ràn ìbálòpọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìfipábánilòpọ̀ ni ìtàn náà ń sọ. Kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó jókòó sídìí dùùrù, èmi ni mo sì ti gbogbo Sódómù lù ú.

Léfítíkù ńkọ́?

Léfítíkù 18:22 àti 20:13 ka ọkùnrin tí ó bá ọkùnrin sùn sí ohun ìríra, èkejì sì pàṣẹ ikú. Ìwé kan náà ni ó ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, tí ó sì ní a kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Àwọn tí ó di òfin náà mú yóò dáhùn pé òfin jíjẹ-mímu yàtọ̀ sí òfin ìwà, àti pé àgbèrè àti bíbá ìbátan ẹni sùn wà nínú orí kan náà pẹ̀lú. Ìdáhùn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan náà kò ní kí a máa sọ alágbèrè ní òkúta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ikú ni orí 20 pè fún òun náà.

Pọ́ọ̀lù dárúkọ wọn mọ́ àwọn tí kò ní jogún ìjọba Ọlọ́run. Ṣé ọ̀rọ̀ kò tíì parí níbẹ̀?

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Nínú 1 Kọ́ríńtì 6:9, ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni àríyànjiyàn dá lé: malakoi àti arsenokoitai. Èkínní kò le púpọ̀, ohun tí ó rọ̀ ni ó ń jẹ́. Òun náà ni Máttéù 11:8 lò fún aṣọ múlọ́múlọ́ tí àwọn ará ààfin ń wọ̀. Ọkùnrin tí ó rọ̀ jù, alákẹ́jù, tàbí ẹni tí a ń lò bí obìnrin, gbogbo rẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ èdè ti sọ pé ó jẹ́. Èkejì ni ìṣòro wà. A kò tíì rí i nínú ìwé kankan tí ó dájú pé ó ṣáájú Pọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì hàn pé a so ó pọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ méjì tí ó wà nínú Léfítíkù ti èdè Gíríìkì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún ibùsùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé ìdí nìyẹn tí ó fi kan gbogbo ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Àwọn mìíràn sọ pé ohun tí ó wà káàkiri ìlú Róòmù lákòókò náà ni Pọ́ọ̀lù ń wò, níbi tí ọ̀gá ti ń lo ẹrú rẹ̀ tí àgbàlagbà sì ń lo ọmọdé, tí ẹni tí a ń lò kò lè sọ pé rárá.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a ń kà nínú Bíbélì wọn lónìí fún àwọn ènìyàn yìí, "homosexual", kò dàgbà. Ọdún 1869 ni ó kọ́kọ́ fara hàn nínú ìwé títẹ̀, ní èdè Jámánì, kò sì wọ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì títí di 1946, nígbà tí àwọn atúmọ̀ Revised Standard Version fi í sínú 1 Kọ́ríńtì. Àwọn kan náà yọ ọ́ kúrò nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe ní 1971. Bí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtumọ̀ bá ń yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó yẹ kí ohùn wa rọlẹ̀ díẹ̀ lórí pẹpẹ.

Róòmù 1:26-27 le ju ìyẹn lọ, n kò sì ní fi ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́. Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nípa obìnrin àti ọkùnrin tí wọ́n fi ìlò àdánidá sílẹ̀, ó sì so ó mọ́ ìbọ̀rìṣà. Àwọn tí ó ń ka ẹsẹ̀ náà bí ìdájọ́ lórí gbogbo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìdí láti kà á bẹ́ẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìjọ ti kà láti ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pa Bíbélì dé síbẹ̀. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé àwọn tí ń gbọ́ òun ń mi orí, wọ́n ń sọ pé "ẹ gbọ́ wọn"; bí ó ti kan orí 2:1 ni ó yíjú sí wọn pé kò sí àwáwí fún ìwọ tí ń dáni lẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni tí o wù kí o jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ́ orí kìíní láìsí orí kejì.

Kí ni Jésù sọ?

Nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí ó ti dárúkọ ọ̀ràn náà. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó ní Máttéù 19, pé Ẹlẹ́dàá dá wọn ní akọ àti abo, àti pé ọkùnrin yóò fi baba àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti fà mọ́ aya rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tí ó ní ìgbéyàwó kò lè jẹ́ ti ẹlòmíràn gbé ẹsẹ̀ lé, ó sì lágbára. Ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí ó sọ ìyẹn tán tí ó fi sọ̀rọ̀ nípa ìwẹ̀fà, ìyẹn ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá tàbí tí kò lè bímọ, èyí tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ó ní àwọn kan wà tí a bí bẹ́ẹ̀ láti inú ìyá wọn, àwọn kan tí ènìyàn sọ dà bẹ́ẹ̀, àti àwọn kan tí wọ́n sọ ara wọn dà bẹ́ẹ̀ nítorí ìjọba ọ̀run.

Ìwẹ̀fà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní ààfin Ọ̀yọ́, Ọ̀nà Ẹfà, Ọ̀tún Ẹfà àti Òsì Ẹfà wà lára àwọn alágbára tí ó yí Aláàfin ká, wọ́n sì mọ ohun tí ó jẹ́ láti ní ipò láìní ọmọ. N kò sọ pé ìwẹ̀fà àti gay jẹ́ ọ̀kan náà. Mo ń sọ pé nínú Bíbélì, ìwẹ̀fà ni ẹni tí kò bá ètò ọkọ, aya àti ọmọ mu, ó sì yẹ kí a wo bí Ọlọ́run ti ṣe sí i. Diutarónómì 23:1 kọ̀ ọ́ ní àwùjọ Olúwa. Nígbà tí ó di Àìsáyà 56, Olúwa ní kí ìwẹ̀fà má sọ mọ́ pé igi gbígbẹ ni òun, ó sì ṣe ìlérí fún un ní orúkọ tí ó sàn ju ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ, nínú ilé Òun àti láàárín odi Òun. Ẹ ronú ohun tí ìlérí yìí jẹ́ ní ìlú tí wọ́n ti ń bi ènìyàn láràárọ̀ pé ọmọ rẹ̀ dà.

Nígbà tí ó wá di Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 8, ìwẹ̀fà kan láti Etiópíà jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé Àìsáyà yìí gan-an, orí 53, ojú ìwé díẹ̀ ṣáájú ìlérí tirẹ̀. Fílípì gòkè tọ̀ ọ́, wọ́n dé ibi omi, ìwẹ̀fà náà sì béèrè pé kí ni ó dí òun lọ́wọ́ láti ṣe ìrìbọmi. Ẹni tí ó mọ Diutarónómì ní ìdáhùn lẹ́nu. Fílípì kò sọ ọ́. Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.

Kí ni àwọn ìjọ ń sọ lónìí?

Ẹnu wọn kò kò. Láàárín àwa Áńgílíkà, ìpinnu 1.10 ti ìpàdé Lambeth, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo àgbáyé, ní 1998 ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù 526 fọwọ́ sí i, 70 kọ̀ ọ́. Ó sọ pé ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo kò bá Ìwé Mímọ́ mu, apá yìí sì ni gbogbo wa mọ̀ lórí. Apá tí a kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn ni èyí tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù kan náà ti ṣèlérí láti tẹ́tí sí ìrírí àwọn ènìyàn náà, tí wọ́n sì fi dá wọn lójú pé Ọlọ́run fẹ́ràn wọn, àti pé gbogbo ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi, tí ó gbàgbọ́ tí ó sì jẹ́ olóòótọ́, níbi yòówù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, jẹ́ ẹ̀yà Ara Kristi ní kíkún. Ní ìpàdé yẹn kan náà ni bíṣọ́ọ̀bù kan láti Nàìjíríà gbìyànjú ní gbangba, lójú àwọn oníròyìn, láti lé ẹ̀mí èṣù jáde lára ọkùnrin kan tí ó jẹ́ gay.

Lẹ́yìn náà ni ilé pín. Ní 2003, wọ́n fi Gene Robinson, ẹni tí ó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jẹ́ olórí Áńgílíkà Nàìjíríà nígbà náà, wà lára àwọn tí ó síwájú nínú àtakò sí i. Láti inú àtakò yẹn ni Gafcon, ẹgbẹ́ àwọn Áńgílíkà tí ó di ẹ̀kọ́ àtijọ́ mú, ti jáde ní Jerúsálẹ́mù ní 2008. Ìjọ England ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo àdúrà ìbùkún fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní Kejìlá 2023, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í so wọ́n pọ̀ ní ìgbéyàwó. Yorùbá tí ó ń jọ́sìn ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lówùúrọ̀ tí ó sì ń wo ìsìn ilé lórí fóònù lálẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀kọ́ méjì láàárín ọjọ́ kan.

Kátólíìkì kò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà pé ìwà náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Katikísìmù rẹ̀ ní nọ́ńbà 2358 pàṣẹ pé kí a gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àánú, kí a má sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́nà àìtọ́. Póòpù Francis sọ ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023 pé jíjẹ́ gay kì í ṣe ọ̀ràn dídá, ó sì ní kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀ṣẹ̀ àti ọ̀ràn. Nígbà tí Róòmù fàyè gba ìbùkún ráńpẹ́ fún wọn ní Kejìlá ọdún náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà kọ̀wé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e pé kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Britain ń so wọ́n pọ̀ láti 2021. Lọ́dọ̀ wa ní Áfíríkà, Desmond Tutu, bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti South Africa, sọ ní 2013 pé òun kò ní sin Ọlọ́run tí ó bá kórìíra àwọn ènìyàn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ èyí, ibo ni ẹ dúró?

Lórí ìfẹ́ Ọlọ́run, mo ti dáhùn. Lórí bí ó ṣe yẹ kí Kristẹni tí ó jẹ́ gay gbé ayé, ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí àwọn tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run ń tọ̀. Àwọn kan yàn láti má ṣe fẹ́ ẹnikẹ́ni títí ayé, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpè. Mo mọ obìnrin kan bẹ́ẹ̀, n kò sì rí ẹni tí ó ní ayọ̀ tó o nínú ìjọ wa. Àwọn kan gbà pé májẹ̀mú olóòótọ́ láàárín ẹni méjì lè jẹ́ ọ̀nà ìwà mímọ́ fún àwọn náà. Ọkàn mi ti ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn kejì yìí, ṣùgbọ́n èmi àti Pọ́ọ̀lù kò tíì bá ara wa sọ ọ́ tán. Ìjọ tí ó bá yan ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní láti mọ ẹni tí yóò máa jẹun pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Kérésì, nítorí pé kí a sọ pé kí ẹnìkan dá wà títí ikú, kí a sì pa ilẹ̀kùn ilé wa dé, ìwà ìkà ni.

Ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó ni?

Ìfàsí náà kò mọ àwọ̀. Ẹni tí ó bá tilẹ̀ ń wá ohun tí ó bá ọkọ̀ ojú omi wá yóò rí i pé òfin tí ó ń fi wọ́n sẹ́wọ̀n wà níbẹ̀: abala 214 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, tí ó ń gbé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá kalẹ̀, wà nínú ohun tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní 1916, láti ara òfin tí wọ́n kọ fún Queensland ní Ọsirélíà. Aṣọ àlùfáà náà bá ọkọ̀ wá, Bíbélì náà bá ọkọ̀ wá, a kò sì torí ìyẹn jù wọ́n nù.

Ṣé ìdáǹdè tàbí ààwẹ̀ lè mú un kúrò?

Àwọn tí ó gbìyànjú rẹ̀ jù lọ ní ayé ti fúnra wọn sọ ohun tí ojú wọn rí. Exodus International bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976 pẹ̀lú ìlérí pé àdúrà àti ìmọ̀ràn yóò yí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ padà. Ní 2013, olórí rẹ̀, Alan Chambers, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ẹgbẹ́ náà pa lára, wọ́n sì ti ẹgbẹ́ náà pa. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí òun bá pàdé ni ìfàsí ọkàn wọn kò yí padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ àìsàn láti ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1990.

Lọ́dọ̀ wa, mo mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbé lọ sí orí òkè fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Omi àti agbádo sísè ni ó ń jẹ. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde, nígbà tí ó sì rí i pé wọn kò ní dáwọ́ dúró, ó ṣubú lulẹ̀, ó ké, ó ní ó ti lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì jó. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni irọ́ pípa, inú ilé Ọlọ́run ni ó sì ti kọ́ ọ.

Bí mo bá gbé ìyàwó, ṣé kò ní tán?

Ẹ má ṣe é. Ọmọ ẹlòmíràn ni ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn yẹn.

Kí ni òfin sọ, kí ni kí n sì ṣọ́ra fún?

Òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2014 ní Nàìjíríà gbé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún mẹ́wàá fún ẹni tí ó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é, tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ wọn, tàbí tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ó ní a kò gbọdọ̀ ṣe é nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà ni irú ìgbéyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ ní England, nítorí náà ohun tí ó ń gbé ẹnìkan lọ sẹ́wọ̀n ní Ìbàdàn ni àbúrò rẹ̀ lè fi ìwé ẹ̀rí ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin 2014 kò pàṣẹ fún òbí tàbí pásítọ̀ pé kí ó lọ fi ẹnikẹ́ni sùn. Bí ẹ bá wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ ṣọ́ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àwọn ọ̀daràn ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn pe àwọn ọ̀dọ́ wá pàdé wọn láti lù wọ́n kí wọ́n sì gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ mi sọ fún mi pé bí òun ti wà nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó ṣeé ṣe kí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbàdúrà kí ó tó sọ ọ́, kí ó sì ti lọ wá ibi tí yóò sùn sílẹ̀ bí ẹ bá lé e. Ẹ má pe àwọn àǹtí rẹ̀, ẹ má pe wòlíì, ẹ má sì gba fóònù rẹ̀. Ẹ kò ní láti mọ ìtumọ̀ arsenokoitai ní alẹ́ ọjọ́ náà. Bí inú yín bá bàjẹ́, ẹ lè sọ ọ́ fún un láìpariwo, nítorí pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ọjọ́ kẹjọ. Ẹ fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ẹ fi iyọ̀ tọ́ ọ lẹ́nu, ẹ sì sọ ọ́ lórúkọ tí Olú, Olúwa tàbí Ìfẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Pásítọ̀ ni mí. Bí ọmọ ìjọ mi bá wá sọ fún mi ńkọ́?

Ẹ pa á mọ́ láàárín ẹ̀yin àti òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn alàgbà, kì í ṣe àpẹẹrẹ fún ìwàásù, bí ẹ tilẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, nítorí pé òun yóò jókòó síbẹ̀ yóò sì mọ̀ pé òun ni. Bí ẹ̀kọ́ ìjọ yín kò bá gbà á láyè láti ṣe iṣẹ́ kan, ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú. Nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, akọrin kan mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun nígbà tí ó dé lọ́jọ́ Ìsinmi tí ó bá aṣọ kọ́yà rẹ̀, tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti lọ̀, nínú àpò ọ̀rá lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára.

Ibo ni mo ti lè jọ́sìn láìfi ara pamọ́?

Ní Èkó, Jide Macaulay, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó sì jẹ́ gay, dá House of Rainbow sílẹ̀ ní 2006. Ìhàlẹ̀ àti ìròyìn burúkú lé e kúrò nílùú ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ náà lọ láti Lọ́ńdọ̀nù. Metropolitan Community Churches, tí Troy Perry bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní 1968 pẹ̀lú ènìyàn méjìlá nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀, wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní lè dé ọ̀dọ̀ ìkankan nínú wọn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ó ṣeé fọkàn tán, pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé orin nínú yàrá kan, jẹ́ ìjọ, Máttéù 18:20 sì ni mo gbé e lé.

Kí ni ẹ kọ padà sí ọmọ tí ó ń tẹ dùùrù?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin, gbogbo ohun tí ẹ kà lókè yìí nípa èdè Gíríìkì ni ó sì wà nínú rẹ̀. Mo ya á. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ kò ju ìlà mẹ́rin lọ: pé bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé èmi ni n kò fẹ́ràn rẹ̀ bí ó ti yẹ, pé mo rí i nígbà tí ó ń ha ìwé orin náà, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, pé kí ó jọ̀wọ́, kí ó dárí jì mí. Oṣù mẹ́ta kọjá kí ó tó fèsì. Ó ní òun ti kà á, òun yóò sì tún un kà.